Ẹni tó ṣe fayolíìnì Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi Babátúndé,

A kí yín láti Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀yin, ìyàwó yín àti Ìrètí ọmọ wa. Ẹ kú òtútù. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń lo òògùn tí ẹ fi ránṣẹ́. Iṣu ọdún yìí sì ta dáadáa.

Ẹ ní kí n wádìí ẹni tó ṣe fayolíìnì Bàbá àti ọdún tó ṣe é, nítorí ẹni tó fẹ́ rà á lọ́hùn-ún. Mo gbé e lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi, olùkọ́ orin. Ó ní ìwé tó ní orúkọ òyìnbó tí wọ́n lẹ̀ sínú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Ó fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré wo inú rẹ̀, ó sì ka ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sára pákó nínú lọ́hùn-ún: "Ọmọ́tọ́ṣọ́, Àgbàdo-Èkìtì, 1961." Bàbá tó bí Màmá, tó jẹ́ káfíńtà, ló ń jẹ́ Ọmọ́tọ́ṣọ́.

Màmá ò jiyàn. "Ulé bàbá mi ni wọ́n ti ṣe é," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo lẹ orúkọ òyìnbó mọ́ ọn, kí àwọn akọrin ẹgbẹ́ bàbá yín má baà fi iṣẹ́ bàbá mi ṣẹ̀sín." Wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n sì ní kí n bó ìwé náà kúrò. Mo ti bó o.

A ò tà á mọ́. Ìrètí tó ń kọ́ fayolíìnì ló ni ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra okùn tuntun mẹ́rin, kí ẹ sì mú Ìrètí àti okùn náà wá ní Kérésì, kí Màmá gbọ́ ohùn iṣẹ́ bàbá wọn. Ọlọ́run á sìn yín délé láyọ̀.

Àbúrò yín,
Motọ́láyọ̀