Dẹ́rẹ́bà Tí Kò Sí Nínú Fọ́tò

Abúlé Ìdí-Àgbọn,
Lọ́nà Gbọ̀ngán,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1997.

Olúrónkẹ́ ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà níbẹ̀ yẹn? Ṣé òtútù ò dà ọ́ láàmú jù? Ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ọ́ tí o bá gun àtẹ̀gùn ilé Signora ọ̀gá rẹ, ṣé ó ti fúyẹ́? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, Olúwa ni ká yìn. Ọlọ́run tó mú ọ kọjá òkun kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ kò ní sú ọ, ara kò ní kọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ibi wá ọ kò ní dá ilé rẹ mọ̀ ní Torino ilẹ̀ Ítálì, pàápàá bí o ṣe sọ pé gbogbo ilé àdúgbò yẹn ló jọra wọn. Àmín.

Tiwa níbí, a wà, a dúpẹ́. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, ilé ìdáná sì ti ń jò bíi ti èṣí. Ewúrẹ́ oníwàhálà yẹn bí mẹ́ta, ó sì tún ń bá gbogbo ayé jà bí ẹni pé àwa la fún un lóyún. Pásítọ̀ Àbáyọ̀mí ní kí n kí ọ, àwọn ìyá ìjọ náà ní kí n kí ọ, wọ́n ní ẹ̀wù òtútù tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá dára, àwọn fi ń bo ìkòkò ẹ̀kọ.

Ìfẹ́dayọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń gbé ní Parma, dé ọ̀dọ̀ mi ní Sátidé méjì sẹ́yìn pẹ̀lú Sofia ọmọ rẹ̀. Ó kó gbogbo ohun tí o fi rán an fún mi, lẹ́tà, fọ́tò mẹ́fà, òun fúnra rẹ̀ sì fi ẹran kan kún un tí wọ́n fi bébà funfun dì. Ó ní iléeṣẹ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, pé odindi ọdún kan ló fi wà lókè níbi tí wọ́n so ó kọ́ sí, àti pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, wọn kì í sè é. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń bá mi ṣeré, kò rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó lọ tán, mo fi omi gbígbóná fọ ẹran náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sè é fún wákàtí méjì, mo fi ata àti irú sí i. Ó dùn, iyọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù. Bá mi sọ fún àwọn ará Parma pé ẹran wọn dára, iná ló kù.

Sofia ní tirẹ̀, mo ń bá a sọ Yorùbá, ó ń fi èdè Ítálì dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ la ṣe títí a fi jẹ ẹ̀pà abọ́ kan tán. N ò mọ ohun tó ń sọ o, ṣùgbọ́n ọmọ náà níwà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ lẹ́tà rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo kà á. O ní Signora, ìyá arúgbó tí ò ń tọ́jú, ní àbúrò ọkùnrin kan tó ti lọ sí Ọsirélíà láti ìgbà ọ̀dọ́, tó ń dáko ìrèké níbẹ̀, àti pé wọn ò rí ara wọn láti bí ogójì ọdún. Ara Signora ò gba bàálù mọ́, ó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ pé kí o bá òun gbé agogo àpò bàbá wọn lọ fún un, kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó kú. Èyí tí o ṣe yẹn dára, Ọlọ́run á rán ẹni tó máa jẹ́ iṣẹ́ tìrẹ náà. O ní nígbà tí o sọ̀kalẹ̀ ní bàálù, o háyà mọ́tò, o sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rìn nínú ìgbẹ́ wọn, lọ àti bọ̀. O ní ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mọ́tò méjì péré lo pàdé, àwọn tó ń wà á sì gbé ìka kan sókè láti kí ọ. Ìka kan! Ó dáa, bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé.

Ṣùgbọ́n ibi tí o ti kọ ọ́ pé ìwọ nìkan lo rin gbogbo ìrìn àjò yẹn, ibẹ̀ ni mo ti gbé lẹ́tà sílẹ̀, tí mo bọ́ awò ojú mi, tí mo nu ún, tí mo tún gbé e wọ̀.

Rónkẹ́, ta ló ń háyà mọ́tò láìháyà dẹ́rẹ́bà? Nígbà ìgbéyàwó Bùkọ́ ọmọ àbúrò mi, mọ́tò Adérẹ̀mí la háyà ní Gbọ̀ngán. Adérẹ̀mí fúnra rẹ̀ ló wà á, òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń tì í, ó ní a máa ń gbá a jù. Ó jẹun lọ́dọ̀ wa, ó wà nínú fọ́tò ẹbí, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ni. O wá ní àwọn ará Ọsirélíà tí kò mọ ìyá rẹ, tí kò mọ bàbá rẹ, wo káàdì lọ́wọ́ rẹ, wọ́n ní kí o fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ fún ọ pé ó dàbọ̀. Èmi náà ní káàdì, ti ọsibítù àti ti ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, kò tíì sí ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ lásán lé mi lọ́wọ́ nítorí wọn.

O tún ní o san owó ìnṣọ́ránsì nítorí ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní kangarú, tó ń fò sójú ọ̀nà, tó sì ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. O ṣeun tí o sanwó fún wọn, ilẹ̀ wọn ni. Ẹranko yẹn tiẹ̀ wù mí, ó ti rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú ọmọ dúró lọ́dọ̀.

Fọ́tò ló wá tú àṣírí rẹ. Mo kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ẹní, mo sì yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tó tóbi jù, o jókòó sínú mọ́tò funfun, o gbé apá lé ojú fèrèsé, ò ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọ̀tún mọ́tò lo jókòó sí, níbi tí èrò iwájú máa ń jókòó sí nínú gbogbo mọ́tò tí mo ti wọ̀. Ìjókòó ọwọ́ òsì, níbi tí dẹ́rẹ́bà ń wà, ṣófo. Níbo ni dẹ́rẹ́bà wá lọ? Ó sọ̀kalẹ̀ kó lè ya fọ́tò ni! Ọ̀rọ̀ náà kò le. Nínú fọ́tò mìíràn, ike omi méjì ló wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan dé ìdajì, ọ̀kan kún. Èèyàn kan kì í mu ike omi méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo mọ irú èèyàn tó jẹ́ pàápàá. Mọ́tò náà mọ́ nínú gbogbo eruku pupa yẹn, nítorí náà ó ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀. O pé nínú gbogbo fọ́tò, láti orí dé bàtà. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ wọn, nígbà tí wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni níbi ìkómọ rẹ, orí gbogbo wa ni wọ́n gé kúrò. Ẹni tó ya ọ́ yìí fara balẹ̀. Ó dúró títí o fi rẹ́rìn-ín tán.

Ó dùn mí díẹ̀ pé o fi í pamọ́ fún mi, n ò ní purọ́. Ṣé o rò pé mo máa ní dẹ́rẹ́bà kò tó ọkọ ni? Kí ni dẹ́rẹ́bà ṣe? Ṣùgbọ́n ayọ̀ mi pọ̀ ju ìbínú lọ. Láti ọdún méje tí o ti lọ, owó kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn, ọkọ pàápàá kọ́. Bí o ṣe máa ń kọ “èmi nìkan” sínú lẹ́tà ni. “Èmi nìkan ni mo ṣe Kérésì.” “Èmi nìkan ni mo wà nínú bọ́ọ̀sì Moncalieri láàárọ̀.” “Èmi nìkan ni mo jókòó sí yàrá mi lọ́jọ́ tí ẹ̀ ń sin bàbá, tí kò sí permesso tí mo lè fi wá.” Mo ka ìyẹn, n ò lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí permesso, ìwé ìgbélùú wọn yẹn, wá jáde, mo ṣe bí ilé lo máa kọ́kọ́ wá, àfi bí mo ṣe gbọ́ pé o ti wà ní Ọsirélíà. Mo sunkún, n ò ní tàn ọ́ jẹ. Ìgbà tí mo rí fọ́tò ni mo nu ojú, tí mo ní ó dáa, kò dá lọ.

Mo sọ fún àwọn ìyá ìjọ, wọ́n jó. Pásítọ̀ Àbáyọ̀mí gbàdúrà fún ọ̀dọ́kùnrin náà lórúkọ dẹ́rẹ́bà nítorí a ò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ní kí ojú rẹ̀ má ṣe bò lórí ìrìn, a sì ṣe àmín tó lágbára.

Àfi bí Bàbá Ògúnjìnmí, tí wọ́n wa lọ́rì kòkó títí orúnkún fi ń dùn wọ́n, ṣe yà kí mi. Mo gbé fọ́tò fún wọn kí wọ́n bá mi yọ̀. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n ní Ẹ̀rínọlá, ibi tí ọmọ yìí jókòó sí, ìdí sítíárì ni. Wọ́n ní kí ìjọba tó yí ọwọ́ títì padà lọ́dún 1972, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì gbogbo mọ́tò wà nílẹ̀ yìí, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì wà tí kò yí tiwọn. Mo ní èmi ò rántí o, ẹ̀yìn lọ́rì ni mo máa ń jókòó sí nígbà náà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ obì, kí ló kàn mí pẹ̀lú ìdí sítíárì? Mo ní ta ló wá ya fọ́tò? Wọ́n ní kámẹ́rà ti wà báyìí tí èèyàn lè gbé lé orí òkúta, kó sáré lọ jókòó, kó sì ya fúnra rẹ̀, pé Ọlábánjí ọmọ àwọn ní ọ̀kan. Mo rọra gba fọ́tò mi lọ́wọ́ wọn. Mo ní ẹ kú ojú o, Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wò ó ní ọsibítù. Wọn ò bínú, wọ́n jẹ iṣu tán kí wọ́n tó lọ.

N ò gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lọ sí Gbọ̀ngán lọ tẹ̀ ọ́ láago kí n lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, o gbé e. Ohùn rẹ ni, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n èdè Ítálì lò ń sọ, o sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń kàwé. Mo ní Rónkẹ́, èmi ni o. O ò dúró. Mo ní ó dáa, parí ọ̀rọ̀ rẹ. Nígbà tí o parí, nǹkan kan ké píì, o sì dákẹ́ lọ gbári. Mo ní ṣé dẹ́rẹ́bà wà lọ́dọ̀ rẹ ni tí o ò fi lè sọ̀rọ̀? O ò dáhùn. Mo ní tó bá wà níbẹ̀, má sọ nǹkan kan. O ò sì sọ nǹkan kan. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, mo gbàdúrà fún ẹ̀yin méjèèjì, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbowó fóònù níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ ni, pé ẹ̀rọ ló ń dáhùn tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé. Mo ní ẹ̀rọ wo ló máa ní ohùn ọmọ mi? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé yẹn, ó bá mi wọ mọ́tò títí mo fi délé.

Ìfẹ́dayọ̀ ń padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Tí o bá rí owó fi ránṣẹ́, jẹ́ kó tó páànù ilé ìdáná, kó sì ṣẹ́ kù fún tìmùtìmù kan, nítorí yàrá bàbá rẹ ni mo ti gbá fún dẹ́rẹ́bà, ẹni tó bá wa mọ́tò wá láti ọ̀nà jíjìn kò yẹ kó sùn sórí ẹní. Bi í bóyá ó ń jẹ ata. Ọlọ́run á pa yín mọ́. Ẹ ò ní rìn níjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ilé tí o bá wọ̀, wọn á fi inú dídùn gbà ọ́, oúnjẹ tí o bá sè, ẹni tó máa bá ọ jẹ ẹ́ kò ní wọ́n ọ.

Kí n tó fi bíìrò sílẹ̀, Àmọ̀kẹ́. Mo mọ Bàbá Ògúnjìnmí láti kékeré, wọn kì í purọ́ lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo wà nínú ìgbẹ́ yẹn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí o gbé kámẹ́rà lé orí òkúta, tí o sáré lọ jókòó, tí o sì ń rẹ́rìn-ín sí òkúta, jọ̀wọ́, má kọ ọ́ sí mi. N ò fẹ́ kà á. Jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà náà máa bá mi tọ́jú rẹ títí o fi máa wá sílé. Ọjọ́ tí o bá dé, tí o jókòó tì mí níbí, kí o wá sọ fún mi pé kò sí dẹ́rẹ́bà kankan rí, nítorí nígbà yẹn kò ní jẹ́ ìwọ nìkan mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ẹ̀rínọlá.