Ẹ Jẹ́ Kí Àga Onígbàjámọ̀ Máa Kọjú sí Ilẹ̀kùn

Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀,
Ilé Ìtọ́jú Àwọn Ológun Tó Ti Ojú Ogun Dé.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ọ́fíìsì Àgbà,
Ilé Ìtọ́jú kan náà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÀGA TÍ Ẹ FẸ́ YÍ KỌJÚ SÍ DÍGÍ

1. Àṣẹ yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ pé kí a yí àga tí mo fi ń gẹrun kọjú sí dígí, kí a sì kàn án mọ́lẹ̀, kí ṣọ́ọ̀bù lè wu àlejò. Mo mọ̀ pé ire lẹ rò. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é.

2. Ológun kan wà tí a ń pè ní Sájẹ́ńtì. Láti ìgbà tó ti ojú ogun dé, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ló ti ń dá jẹun. Nígbà tó kọ́kọ́ jókòó lọ́dọ̀ mi, mo gbọn aṣọ tí mo fi ń bo oníbàárà lọ́rùn pàà bí mo ti máa ń ṣe. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti wà lábẹ́ tábìlì.

3. Òun fúnra rẹ̀ ló padà wá, tó fa àga náà kúrò níwájú dígí, tó yí i kọjú sí ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba ẹ̀yìn òun wọlé. Ó ní kí n máa wí ibi tí abẹ ń lọ kí n tó gbé e débẹ̀. Bí mo ṣe di asọ̀rọ̀mágbèsì nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jagun a sì máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa bá a ṣọ́nà.

4. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnu mi kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Abẹ mi wà lọ́rùn rẹ̀, Sájẹ́ńtì sì sùn lọ. Ó tilẹ̀ ń hanrun! Háà! Ẹni tí kò fọkàn tán ẹ̀dá kankan! Mo dúró gbagidi, bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́. Omi ń bọ́ lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bá òun àti àwọn ọmọ jókòó jẹun.

5. Ó ti gbọ́ àṣẹ yín. Kò bínú, ó kàn ní irùngbọ̀n òun á tún máa hù nìyẹn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi àga náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tí Sájẹ́ńtì máa ń wá gẹrun. Kí ẹ tó wọlé, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ rọra sọ ẹni tí ẹ jẹ́. Ó lè máa sùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, tí abẹ wà lọ́wọ́ mi,
Onígbàjámọ̀ Ilé Ìtọ́jú