Olú Tí Kì Í Pé Ọjọ́ Mẹ́ta

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ. Èmi náà wà, orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ pe ìyàwó télọ̀ kó wá bá mi kọ ìwé yìí. Inú ló ń bí mi.

Ike oògùn tí o fi rán awakọ̀ dé. Ìyàwó télọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fún mi, ó ní olú ni wọ́n sá gbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, pé ohun kan wà nínú olú tí kì í jẹ́ kí èèyàn tètè darúgbó. Mo ní kó tún un kà. Olú! Olú tó hù láàárọ̀ tí ìdin ti wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, òun ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pẹ́ láyé? Mo bu díẹ̀ fún àgbà adìẹ wa. Ó wò ó, ó wò mí, ó kọ̀dí sí mi.

Wọ́n tún fi fọ́ọ̀mù sí i, pé kí n fi fóònù ya ojú mi ránṣẹ́ kí n tó lò ó, kí n tún yà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ṣé ọmọdé ni wọ́n fi mí pè ni? Ó ti yé mi: ojú àgbà mi ni wọ́n fẹ́ gbà sínú fóònù, kí wọ́n wá fi ojú ọmọ-ọmọ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ fún mi. Kí ni mo fẹ́ fi ojú ọ̀dọ́mọkùnrin ṣe nínú ilé tí mo ń dá gbé?

Gbọ́, ìyá rẹ jẹ olú ju gbogbo wa lọ. Ara igi tó wó lẹ́yìn balùwẹ̀ ló ti ń já a, kò sí òjò tó ṣèèṣì rọ̀ kó má lọ wò ó. Awọ ojú rẹ̀ kò hunjọ rárá títí a fi sin ín. Ọjọ́ ogbó tí ò ń fowó lé kúrò lára mi yìí, òun ni mo dọ̀bálẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún obìnrin yẹn, a kò rí i gbà. O wá ń ra oògùn tí yóò lé e, bí ẹni ra oògùn eku!

Ìyàwó télọ̀ ní kí n rọra sọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, ṣebí òun kọ́ ló bí ọ.

Má ra ike kejì. Fi owó rẹ̀ wọ mọ́tò wá sílé, kí o mú owó páànù mẹ́rin dání, yàrá ẹ̀yìn ń jò. Bí ojú mi bá ń bà ọ́ lẹ́rù, wá fi ojú ara rẹ wò ó.

Wàá dàgbà. Irun rẹ á funfun, eyín rẹ á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ á hunjọ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Ìyá rẹ kò rí i, ìwọ á rí i. Mo ní kí ìyàwó télọ̀ kọ àmín síbẹ̀, kó kọ ọ́ gàdàgbà.

Bàbá rẹ.