Àmín láti Ẹ̀yìn Ògiri

Ìkòsì, Kétu.

Tóbi ọmọ mi,

Báwo ni òtútù ìlú yín? Daddy rẹ ń kí ọ. Ẹsẹ̀ wọn ti ń fúyẹ́, àwọn fúnra wọn ló lọ ra ata ní Mile 12 lánàá. Aunty Yẹ́misí ti bímọ obìnrin ní Ògùdù.

O sọ lórí fóònù pé àwọn èèyàn kì í kí ara wọn ládùúgbò yín, pé òtútù ò jẹ́ kí ìwọ náà kí èèyàn mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́, Tóbi, kì í ṣe òtútù.

O mọ̀ pé a máa ń dárúkọ rẹ níbi àdúrà ìdílé láràárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibà dá mi dùbúlẹ̀, mi ò lè gbàdúrà. Ni Alhaja Sẹ̀kínát, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wa, bá kan ilẹ̀kùn.

"Mummy Tóbi, ṣé kò sí o? Mi ò gbọ́ orúkọ Tóbi láàárọ̀ yìí. Àmín tí mo máa ń ṣe fún un ṣì wà lẹ́nu mi."

Mi ò mọ̀ rárá pé wọ́n ń gbọ́ wa! Wọ́n po ògì gbígbóná fún mi, wọ́n ní kí n mu ún, kí n dìde gbàdúrà.

Ọlọ́run tó wà níbí ló wà lọ́hùn-ún. Múra gírí. Kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ, kí o kí i. Bí kò bá dáhùn, tún padà lọ lọ́la.

Máa lo oògùn ikọ́ rẹ. Olúwa á máa ṣáájú rẹ, á máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ.

Tó o bá ti mọ orúkọ ẹni náà, fi ránṣẹ́ kíákíá, ká lè máa fi kún tìrẹ. Alhaja ní àwọn ti ṣe tán láti ṣe àmín.

Èmi ni,
Màmá rẹ.