Kọ̀ǹpútà Méjì Nínú Ilé Kan, Wọn Ò Mọ Ara Wọn

Ọmọ mi Mọ̀ọ́tán,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ń jẹ́ kí o sinmi? Ẹni tó bá ní kí o má rí ìjókòó, òun náà á máa dúró títí ni. Mo kí ọ, màmá rẹ kí ọ, ìyá àgbà kí ọ ju àwa méjèèjì lọ. Ẹni tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ yóò máa mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ dé ibi tí orí rẹ kò bá ọ dé. Àmín. Àdúrà ti parí nìyẹn, ìjà ló kù, nítorí náà jókòó dáadáa kí o tó ka èyí tó kù.

Mo kọ́kọ́ ní kí n pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n màmá rẹ ní rárá. Ó ní bí èmi àtìwọ bá ti pe ara wa báyìí, ariwo ló máa ń dà, ó ní nínú ìwé, èmi nìkan ni màá máa sọ̀rọ̀, ìwọ ò sì ní lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo rí i pé òótọ́ ló sọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ojú ìyá mi ti ṣú ni mo ti mú wọn wá sọ́dọ̀ wa, yàrá tó kọjú sí ilé ìdáná ni wọ́n wà. Nígbà tó yá, oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ mọ́. Bí màmá rẹ bá gbé abọ́ síwájú wọn, wọ́n á kàn fọwọ́ kan etí abọ́ náà, wọ́n á ní àwọn ti yó. A bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó sọ ohun tó wà nínú wọn. Wọ́n ní àwọn ti ń gbàgbé bí ohùn bàbá mi ṣe rí. Wọ́n ní ojú ti lọ, àwọn ò bá a jà, ṣùgbọ́n kí ohùn ọkọ àwọn náà wá máa lọ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni àwọn ò lè gbà. Màmá rẹ ló rántí pé o gba ohùn bàbá àgbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà láyé, pé ó wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí o fi sílẹ̀ sí yàrá rẹ, èyí tí o fi Líńọ́ọ̀sì sí, tí àwòrán ẹyẹ kúkúrú kan tó dà bíi pé ó wọ kóòtù dúdú máa ń yọ lójú rẹ̀ bí a bá tàn án.

Àṣé odi ni kọ̀ǹpútà náà. Ó ríran, ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti já bọ́ lórí tábìlì, kò fọhùn mọ́, ihò tí wọ́n ń ki fláàṣì bọ̀ lára rẹ̀ sì ti wọnú lọ. Tèmi ló lóhùn, èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi níwájú ilé, tí mo fi ń fi àwòrán àga han oníbàárà, tó ní sípíkà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ètò tó ń darí tìrẹ ni wọ́n ń pè ní Líńọ́ọ̀sì, ti tèmi ni Wíńdò. Ìwọ náà wò ó. Èmi gbẹ́nàgbẹ́nà, láti kékeré ni mo ti ń kan wíńdò, kò sí wíńdò tí mo kàn rí tí ẹni tó wà nínú ilé kò fi rí ẹni tó wà níta. Èyí tí mo fowó rà yìí nìkan ló dójú tì mí.

Mo pè ọ́, o ní ohun kékeré ni. O ní kí n má gbé nǹkan kan, pé kí àwọn méjèèjì kàn pín fáìlì láàárín ara wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Mo bi ọ́ pé bí wọ́n bá pín ohùn bàbá mi, ṣé ìlàjì ló máa kù sọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan? O bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti pín ogún, mo mọ ohun tí pípín máa ń dà sílẹ̀.

O tún wá ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ara wọn. Ìyẹn yé mi. Mo gbé tìrẹ láti yàrá wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e sórí tábìlì kan náà pẹ̀lú tèmi, mo kọjú wọn síra, mo nu ojú wọn méjèèjì, mo gbá èérún igi tó wà láàárín wọn kúrò kí ohunkóhun má baà dí wọn lójú. Màmá rẹ wọlé, ó bi mí bóyá ìgbéyàwó ni mo fẹ́ ṣe fún wọn. Mo pè ọ́, mo ní wọ́n ti ń wo ara wọn láti àárọ̀ o, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì. O mí kanlẹ̀, o ní kí n jọ̀ọ́, kí n lọ wá oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Mo lọ pe ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkòríta, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kòsíṣòro, torí kò sí ohun tí o lè gbé lọ bá a tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀, títí dórí èyí tó ti jóná. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ní àwọn méjèèjì kò sí nínú ẹgbẹ́ kan náà. Mo ní ẹgbẹ́ wo? Ó ní kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ tó wà, tìrẹ ní tirẹ̀, tèmi ní tirẹ̀. Inú bí mi. Ta ló mú kọ̀ǹpútà mi wọ ẹgbẹ́ láìgba ẹnu mi? Èmi tí mo rà á, mi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan yàtọ̀ sí ti àwa gbẹ́nàgbẹ́nà, ìyẹn náà sì ti ń sú mi. Ó yí orúkọ ẹgbẹ́ padà, ó di ọ̀kan náà. Wọn ò rí ara wọn. Ó ní kò síṣòro.

Ó tún ní ó lè jẹ́ ògiri iná ló ń dí wọn lọ́nà, pé a máa ṣí ibì kan nínú rẹ̀. Ògiri iná kẹ̀! Mo sáré lọ sí ilé ìdáná, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó tutù. Mo ní kí màmá rẹ ṣáà gbé sítóòfù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà ná. Mo padà dé, mo sọ fún Kòsíṣòro pé a ò ní lu ihò kankan sára ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́. Ó ní inú kọ̀ǹpútà ni ògiri ọ̀hún wà. Mo ní bí iná bá wà nínú kọ̀ǹpútà mi, kí ló ń jókòó wò? Ó ṣe é bó ṣe fẹ́ ṣe é, wọn ò rí ara wọn síbẹ̀síbẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní kò síṣòro, òun ń bọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ṣì ń bọ̀.

Ìwọ náà wá ní kí n fi nọ́ńbà ibi tí kọ̀ǹpútà rẹ ń gbé wá a. Mo tẹ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ilé wa. Ibẹ̀ lo ti gbé ohùn sókè sí mi, o ní kì í ṣe nọ́ńbà ilé, nọ́ńbà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀ ni, o ní mi kì í gbọ́ràn parí. Èmi náà gbé tèmi sókè, mo ní èmi ni mo kọ́ ọ ní kíkà nọ́ńbà. A pariwo títí ìyá àgbà fi gbọ́ wa láti yàrá. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a má torí òkú bá alààyè jà. Wọ́n yíjú sí ògiri. Abọ́ oúnjẹ ọ̀sán ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ariwo rẹ lọ.

Màmá rẹ ló wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi pẹ̀lú ìgò ojú rẹ̀, tó ń kà á ní wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń ka ìwé ẹjọ́. Ó ṣàdédé bi mí pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, tí kọ̀ǹpútà béèrè bóyá inú ilé ẹni ló wà tàbí ibi tí gbogbo ayé ń wọ̀, kí ni mo dá a lóhùn? Mo ní òótọ́ ni mo sọ fún un. Ṣọ́ọ̀bù ni. Oníbàárà ń wọlé, aládùúgbò ń wọlé wá gba ṣọ́bìrì, ewúrẹ́ pàápàá ń wọlé. Ṣé kí n wá purọ́ fún kọ̀ǹpútà ni? Mo tẹ ibi tí gbogbo ayé ń wọ̀. Màmá rẹ pè ọ́, ó sọ fún ọ, igbe tí o ké, mo gbọ́ ọ láti ìdí pákó tí mo dúró sí. O ní nítorí pé mo sọ fún un pé àárín àwọn tí kò mọ̀ rí ló wà ló ṣe bojú, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Mo ní ó yẹ kó ti mọ̀ wá nígbà tó yá, ṣé ojoojúmọ́ kọ́ la jọ ń jókòó? Màmá rẹ yí i padà sí inú ilé. Ká tó wí, ká tó fọ̀, orúkọ kọ̀ǹpútà rẹ yọ lójú tèmi.

Ìyọnu kò tíì tán. Mo ní kí n wọlé, ó ní kí n sọ orúkọ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ ní kíkún, mo fi Bàbá ṣáájú rẹ̀ kó lè mọ irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní mi ò láṣẹ. Èmi! Nínú ilé mi, lórí ohùn bàbá tó bí mi! O wá ṣàlàyé pé páásíwọ̀ọ̀dù tí a fi ń ṣí kọ̀ǹpútà ẹlẹ́yẹ yẹn yàtọ̀ sí èyí tí ará ìta á fi wọlé sínú rẹ̀, pé a ò tíì fún un ní ti ará ìta rárá. Ilẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ méjì! Bí mo bá kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, ọlọ́pàá ló máa bá mi dá sí i. O ní ká fún un ní tuntun, ò ń pè é lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, màmá rẹ ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ, mo sì ń pariwo pé kò kọ nǹkan kan, o ní ó ń kọ ọ́, ó kàn ń fi í pamọ́ ni. Mo jáde síta kí n tó fọ nǹkan.

Ìgbà tí mo wọlé, màmá rẹ ti di ìyá àgbà lọ́wọ́ mú wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti jókòó sórí àga tí oníbàárà kan kò tíì wá gbé. Fáìlì ti ṣí. A kọ́kọ́ gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń ha, a gbọ́ ìwọ náà tí ò ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá mi jáde, ó ń dún bíi gbẹ̀du, bó ṣe máa ń rí. Wọ́n ń bá ọ jà pé kí o gbé nǹkan yẹn kúrò lẹ́nu àwọn. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n wá ní ìyàwó àwọn dà, kí ẹnì kan lọ pè é wá, àwọn ò lè máa dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè nígbà tí kò sí níbẹ̀.

Ìyá àgbà gbórí sókè. Wọ́n ní, mo ti dé o, mo wà níbí, ẹ máa wí.

Ọmọ mi, mo mú ìfági, mo lọ ń fá pákó tó ti dán tẹ́lẹ̀.

Ìyá àgbà jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n wàhálà tuntun ti dé. Wọn ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bí oníbàárà bá ń bá mi nájà, bàbá mi á máa bá ọ jà nínú sípíkà, ìyá mi á máa dá wọn lóhùn, oníbàárà á máa wò yíká. Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́ kí n ra sípíkà àti kọ̀ǹpútà kékeré kan sí yàrá wọn, fi díẹ̀ lé e fún owó fóònù tí gbogbo ìpè yìí ti gbọ́n gbẹ. Bí o bá rí èyí tí màmá rẹ máa fi ra ìgò ojú tuntun, kí o má gbàgbé rẹ̀, òun ló ṣiṣẹ́ jù. Má fi sínú ìwé pé ohun kékeré ni o. Fi owó náà ránṣẹ́ ni.

Ọ̀nà rẹ á là. Iṣẹ́ rẹ kò ní di iṣẹ́ òfo. Ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n máa gbé ga, ìwọ ni wọ́n máa rí. Ọmọ tìrẹ náà á gbé ohùn sókè sí ọ lórí ohun tí kò yé ọ, wàá pẹ́ láyé débẹ̀, wàá sì dárí jì í bí mo ṣe dárí jì ọ́.

Ìyá àgbà ní kí n fi kún un pé kí o wá sílé, kí o wá gba ohùn àwọn náà sílẹ̀. Wọ́n ní kí o má sáré o, àwọn ò lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n kí o wáyè dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbà sọ nípa àwọn nínú nǹkan yẹn, irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn sì fẹ́ fèsì.

Èmi ni, bàbá rẹ.