Saifudeen Àjàní, Ọmọ Tí A Ti Sunkún Rẹ̀ Rí

Ẹgbẹ́ Òṣèré Ìfẹ́dọlá,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́.
Oṣù Kọkànlá, ọdún 1988.

Sí Ìyáàfin Adéjọkẹ́ Àjàní àti gbogbo ẹbí Àjàní,
Takie, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa,

Tìbànújẹ́tìbànújẹ́ ni ẹgbẹ́ wa fi ń kọ ìwé yìí sí yín lórí Saifudeen ọmọ yín, tí ó ti fìgbà kan jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Kò sí ọ̀rọ̀ tí a lè fi tu abiyamọ tó sin ọmọ nínú.

Iṣẹ́ iná àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni a gbà á fún. Lọ́jọ́ tí òṣèré kan kò yọjú ni ó bọ́ sórí ìtàgé, tí ó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ onítọ̀hún láìṣì í sọ. Láti ìgbà náà ni a ti mọ ohun tí Ọlọ́run fi fún un. Ní Ìkòyí-Ilé, ẹ̀rọ amúnáwá kú mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín eré, èrò sì ti ń dìde. Saifudeen kò dákẹ́. Nínú òkùnkùn ni ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti ti àwa yòókù, ohùn kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí àwọn ará ìlú fi gbé fìtílà wá. Ẹnikẹ́ni kò lọ sílé.

Eré tí a fi mọ̀ ọ́n jù ni èyí tí ó ti ṣe ọmọ tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ ti ìrìn-àjò dé. Sìkírátù Ọládépò ni ó ń ṣe ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin náà wá wo eré náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí wọ́n sì da aṣọ funfun bò ó, ẹ dìde, ẹ jáde. Lọ́jọ́ kejì, ẹ sọ fún ọ̀gá wa, Mátíù Akínpẹ̀lú, pé, "Ẹ bá mi fi ọmọ mi sílẹ̀ láàyè. Ikú kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré." Ọ̀gá wa kò jiyàn. Ó yí eré náà padà, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láàyè, á sì pe ìyá rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é títí bàbá Saifudeen fi kú, tí òun sì kúrò lọ́dọ̀ wa láti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rédíò ní Takie, kí ó lè tọ́jú ẹ̀yin àti Bushrah àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn kàn wá pé ọkọ̀ tó gbé e dojúdé, tí a sì dé ilé yín, orí ẹní ni a bá a, wọ́n ti da aṣọ bò ó. Sìkírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ ibi tí ó yẹ kí òun kúnlẹ̀ sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó máa ń sọ lórí ìtàgé ń tò wá sí i lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra wọn, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ẹ̀rù bà á pé bí òun bá sọ ọ̀kan péré, òun yóò máa retí kí Saifudeen dìde jókòó. Ẹ wò ó, ẹ ní, "Sìkírátù, bá mi sunkún rẹ̀. Ìwọ ló mọ̀ ọ́n sun." Kò lè sun ún. Ó kàn di ọwọ́ yín mú títí àwọn ọkùnrin fi gbé e lọ sí ibojì.

Láti ìgbà náà, ara Sìkírátù kò balẹ̀. Lẹ́nu ìgbáradì wa fún eré náà, ó ṣàdédé yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Wọlé, ọmọ mi." Ẹnikẹ́ni kò tíì pè é. Àwa náà sì ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ẹgbẹ́ ti pinnu pé a kò ní ṣe eré náà mọ́. A óò gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ títẹ̀wé tí Bushrah ń kọ́ títí yóò fi parí, a óò sì wà lọ́dọ̀ yín níbi àdúà ogójì ọjọ́.

A gbọ́ pé àwọn kan ń sọ ní àdúgbò pé eré yẹn ló fa ikú wá bá a, àti pé ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí ẹ sùn. Sìkírátù bẹ̀ wá pé kí a kọ ọ̀rọ̀ òun síbí bí òun ṣe sọ ọ́: "Ẹ sọ fún Ìyá pé èmi ni mo máa ń ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Kò sígbà tí mo ṣí i tí kì í rọra rẹ́rìn-ín sí mi. Kò sí ikú kankan lábẹ́ aṣọ yẹn."

Kí Ọlọ́run Ọba Aláàánú tẹ́ Saifudeen sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó dá Bushrah sí fún yín, kí ẹ gbé ọmọ rẹ̀ jó. Nígbà tí àlejò bá sì ti lọ tán, tí ilé sì dá páropáro, kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ jókòó tì yín, kí ó sì fún yín ní oorun. Àmín.

Ọlọ́runnísọ̀lá Àjàó,
Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́.