Tíì Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ẹgbẹ́ Lékeléke

Kaho ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìwé yìí bá ọ? Àwọn kòkòrò orí igi ti ń han láti àárọ̀ níbí, oòrùn ò sì ṣàánú ẹnikẹ́ni. Kí Búdà ṣíji bò ọ́ lórí àtẹ̀gùn pápá bọ́ọ̀lù tí o ń gùn sókè sódò pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀. Ara èmi náà le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ìrẹsì wa ti ga dé ìbàdí mi, ṣùgbọ́n àwọn ìmàdò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n jẹ ọ̀dùnkún wa, àjẹkù wọn ni mo ń sè jẹ. Mo mọ̀ pé o ti kọ lẹ́tà méjì tí n kò fèsì. Mo rí wọn. Inú ló ń bí mi, kí n má parọ́ fún ọ.

O ní o ò ní lè wá sí ọdún àwọn òkú, pé ẹgbẹ́ Lékeléke máa gbá bọ́ọ̀lù onígi wọn ní pápá yín ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọdún náà, ọ̀gá yín ò sì ní fún ẹnikẹ́ni láàyè. Inú oṣù karùn-ún ni ìyá rẹ kú, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa padà wálé wá kí wa nìyí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ò sì ní sí lẹ́nu ọ̀nà láti tanná dè é. Mo ka ìyẹn tán, mo ti lẹ́tà náà sábẹ́ àpótí ìrẹsì.

Ìyàwó Genzo tó ni ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ló tún wá da epo sí iná. Ọjọ́ Ẹtì la sun ìyá rẹ, ọjọ́ Àbámẹ́ta lo padà sí ìlú, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ni gbogbo abúlé rí ọ nínú tẹlifíṣọ̀n tí o ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èrò. Ó ní ẹ ò rí ọmọ ayé òde òní, eérú ìyá ẹ̀ ò tíì tutù. Mo ní kó lọ gbọ́ ti ara ẹ̀, pé ọmọ mi ò ṣe nǹkan burúkú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi.

Ṣé o rántí ohun tí mo sọ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọ nínú tẹlifíṣọ̀n? O gbé táńkì kọ́ ẹ̀yìn, o di rọ́bà mú, o kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin kan. Mo sọ fún ìyá rẹ pé oògùn kòkòrò lo ń fín, pé ibi tí èrò pọ̀ tó báyìí kò lè ṣe aláìní ìdun, inú mi sì dùn pé iṣẹ́ oko tí mo kọ́ ọ ò ṣòfò. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní bíà ni, pé o ń rọ ọ́ sínú ife fún wọn ni. Ẹ̀rín tó rín kẹ́yìn nìyẹn. N kò mọ̀ pé òun ló máa kẹ́yìn, ǹ bá tún sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ mìíràn sí i.

Ó fẹ́ràn Lékeléke yẹn nítorí rẹ. Kò sí agbábọ́ọ̀lù wọn kan tí ìyá rẹ kò mọ orin tí àwọn èrò fi ń kì í bó bá jáde wá gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ tuntun kan wà tí wọn ò tíì ṣe orin fún, àánú rẹ̀ ṣe ìyá rẹ púpọ̀, ó ní bí ọmọ aláìníyàá ló ṣe ń dúró níbẹ̀. Ló bá ṣe orin fún un fúnra rẹ̀, orin tí a fi ń gbin ìrẹsì ló kàn fi orúkọ ọmọ náà sí.

Jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ Àìkú yẹn. Mo wọ aṣọ dúdú tí mo fi ṣe òkú jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, torí n kò fẹ́ kí o wo ilé láti ibẹ̀ kí o bá mi nínú aṣọ oko. O mọ̀ pé ìpele kẹrin nínú mẹ́sàn-án tí wọ́n ń gbá ni oorun máa ń gbé mi lọ, n kò rí ìpele keje rí láyé mi. Lọ́jọ́ náà oorun ò wá. Nígbà tí ó di ìpele keje, gbogbo èrò pápá gbé bàlúùnù funfun gígùn sókè, wọ́n dúró, wọ́n sì jùmọ̀ tú u sílẹ̀. Ó gbéra bíi lékeléke nínú oko ìrẹsì, ó ń ké, ó sì wá ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ní Kaho ti sọ fún wọn. Mo rò pé gbogbo ìlú ló ń sin ìyá rẹ dé ọ̀nà. Níbí, fìtílà la ń gbé lé orí odò láti fi sin òkú padà, mo rò pé bí àwọn tí kò ní odò ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo foríbalẹ̀ títí èyí tó kẹ́yìn fi balẹ̀. N kò sunkún nídìí iná tí a fi sun ún, Kaho. Ọjọ́ náà ni mo sunkún.

Ẹni tó bá bá ni ṣọ̀fọ̀, a gbọ́dọ̀ fún un lẹ́bùn padà bí ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta bá pé, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ènìyàn ló wá sí pápá lọ́jọ́ náà. Ibo ni mo ti fẹ́ rí ẹ̀bùn tó máa kárí wọn? Mo di páálí tíì kan láti orí òkè wa, mo fi ránṣẹ́ sí pápá, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín pé ẹ sin ìyàwó mi, ẹ má bínú pé kò pọ̀, kí olúkúlùkù mú ewé kọ̀ọ̀kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni èsì dé, láti ọwọ́ Bàbá Morioka, olórí àwọn tó ń lé orin ní pápá. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn ka ìwé mi. Wọ́n ní kí n forí jì wọ́n, gbogbo ìgbà tí Lékeléke bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ni wọ́n ń tú bàlúùnù sílẹ̀ ní ìpele keje, kí orí lè ṣe ẹgbẹ́ wọn níre ni, wọn ò mọ ìyàwó mi rí. Ojú tì mí. Kò sí ilé kan lábúlé tí n kò ti ròyìn pé ìlú ńlá ṣọ̀fọ̀ Fumie ìyá rẹ.

Àmọ́ ìwé náà ò parí síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn bi àwọn ọmọbìnrin tó ń ta bíà pé ta ni Kaho nínú yín, wọ́n sì nawọ́ sí ọ. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń ra bíà ní ìpele keje torí bàlúùnù ló wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ á jókòó mu omi. Ìwọ á gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá pẹ̀lú táńkì lẹ́yìn, o á kẹ̀yìn sí pápá, o á kọjú sí ọ̀nà òkè wa, o á pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ gbàdúrà títí gbogbo bàlúùnù á fi balẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ní láti oṣù karùn-ún ni, o ò pa ọjọ́ kan jẹ rí. Lẹ́yìn náà, o á nu ojú, o á padà lọ máa rẹ́rìn-ín sí àwọn oníbàárà. Bàbá náà ní iṣẹ́ ni ẹ̀rín yẹn, kí n má fi bínú.

Mo yọ lẹ́tà rẹ méjèèjì lábẹ́ àpótí ìrẹsì, mo tún wọn kà. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Má bá ọ̀gá rẹ jà. Èmi nìkan á tanná de ìyá rẹ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì máa sọ ibi tí o wà fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ, ọjọ́ tó máa padà lọ, n kò ní gbé fìtílà rẹ̀ sórí odò bí oòrùn bá ṣe wọ̀. Màá gbé rédíò lọ sétí odò, màá dúró. Bí wọ́n bá ti ní ó di ìpele keje, èmi á gbé tèmi lé omi, ìwọ náà á kọjú sí òkè. Àwa méjèèjì la máa jọ sìn ín.

Torí náà, bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀wọ́ fi ti bátìrì rédíò ránṣẹ́. Ìyàwó Genzo nìkan ló ń tà á, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i, n kò lè lọ tọrọ àwìn níbẹ̀. Bí wọn ò bá sì tíì ṣe orin fún ọmọ tuntun yẹn, kọ ti ìyá rẹ sétí Bàbá Morioka.

Ọ̀nà á là fún ọ. Ẹ̀rín tí o ń fi ṣiṣẹ́ á padà di ẹ̀rín tòótọ́ lẹ́nu rẹ, o ò sì ní dá nìkan wà láyé. Lọ́jọ́ náà, má tètè yíjú padà o, ọmọ mi. Orúnkún yìí ń dùn mí, ó máa ń pẹ́ kí n tó lè bẹ̀rẹ̀ kan omi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tokuji